Iná Etí Oko: Bí Mo Ṣe Ń Fi Idán Iná Ṣe Ààbò Nínú Eré Wa

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, nínú yàrá ọ̀rẹ́ wa kan ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ń ṣe eré ìtàn orí tábìlì wa, mo sì ju bọ́ọ̀lù iná sí àárín àwọn ọ̀tá mẹ́fà tí wọ́n wọ abúlé tí a ń ṣọ́. Mẹ́rin nínú wọn kú lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn, mo sì ń retí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìn mí, àfi bí ẹ̀gbọ́n tó ń darí eré náà ṣe rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo rò pé wọ́n fi bo orí àká iṣu tó wà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá náà. Koríko ni. Òfin eré náà sì sọ ọ́ kedere pé bọ́ọ̀lù iná a máa ran ohunkóhun tó lè gbiná, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́ tàbí gbé e lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú ìtàn wa, iṣu tí àwọn ará abúlé náà ń fojú sọ́nà láti jẹ títí di ìgbà iṣu tuntun ti di eérú, àwọn tí a wá gbà sílẹ̀ sì ń wò wá bí ẹni ń wo ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yí tábìlì kan ká fún oṣù mẹ́jọ, tí wọ́n jọ ń hun ìtàn kan ṣoṣo, yóò mọ̀ pé ojú tí àwọn ará inú ìtàn bá fi wo èèyàn lè tẹ̀ lé e dé ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú lórí bí onídán tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná ṣe lè fi iná ṣọ́ ènìyàn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ṣe irú eré yìí ni kò tíì lo iná dé ìdajì ohun tó lè ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n ṣe é, ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1974. Òfin ìtẹ̀jáde karùn-ún, èyí tó jáde ní ọdún 2014, ni àwa ń tẹ̀ lé. Ẹnì kan ni yóò máa darí ìtàn, àwọn yòókù yóò sì mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ohun tí o dáwọ́ lé bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, kì í sì í ṣe dáìsì lúdò olójú mẹ́fà nìkan: olójú mẹ́rin wà, olójú mẹ́jọ wà, títí dé olójú ogún. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, oníkálukú ń dúró de ìgbà tó bá kàn án, ìyípo kan sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà nínú ìtàn. Àwa márùn-ún ni a ń ṣe é: ẹ̀gbọ́n tó ń darí, jagunjagun kan, àlùfáà kan, olè kan, àti èmi onídán, tí mo ti dé ipele kẹjọ báyìí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àká iṣu náà ni bàbá mi pè mí pé kí n wá bá àwọn jó etí oko. Oko kajú ni, lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ bí koríko ọ̀dàn ṣe ń gbẹ tí ọyẹ́ bá ti mú, àti bí iná tí ọdẹ kan dá sínú igbó láti fi lé ọ̀yà jáde ṣe lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ títí yóò fi bá oko olóko. Bàbá mi kì í jókòó dúró de iná náà. A óò kọ́kọ́ ro etí oko yíká, kí ó fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ tí atẹ́gùn kò sì tíì jí, a óò fi iná sí koríko tí a ro náà díẹ̀díẹ̀, oníkálukú yóò sì di ẹ̀ka ewé tútù mú láti fi pa èyí tó bá fẹ́ yà sínú oko. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún wa láti kékeré: “Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí ẹ tó ṣáná.” Nígbà tí iná ìgbẹ́ bá dé níkẹyìn, ilẹ̀ dúdú ni yóò bá. Kò ní rí ohun tí yóò jẹ, yóò sì yà gba ibòmíràn lọ.

Mo dúró sí etí oko náà lọ́jọ́ yẹn, èéfín ń ta mí lójú, ó sì wá yé mi pé iná tí bàbá mi dá kò pa ohunkóhun. Ohun tí iná náà ń ṣe ni pé ó ń sọ ibi tí iná kejì kò gbọ́dọ̀ gbà. Ní gbogbo oṣù tí mo ti ń ṣe onídán, iye ọ̀tá tí iná mi bá pa nìkan ni mo ń kà; mi ò ronú rí pé ilẹ̀ tí iná mi bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ni ó yẹ kí n máa wọ̀n.

Nígbà tí mo padà sí ìwé òfin, ọfọ̀ tí ó ń jẹ́ Wall of Fire, tí àwa ń pè ní Ògiri Iná, ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọfọ̀ ipele kẹrin ni, onídán kò sì lè pè é àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti dé ipele keje. Ògiri náà lè gùn tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó ga tó 20, kí ó sì nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo. Bí o bá sì fẹ́, o lè ká a bí òrùka tí ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ 20 ẹsẹ̀ bàtà. O lè gbé e kalẹ̀ síbi tó jìnnà sí ọ tó 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ìṣẹ́jú kan ni ó ń lò, ìyẹn ìyípo mẹ́wàá, níwọ̀n ìgbà tí ọkàn onídán kò bá kúrò lára rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ojú kan ṣoṣo nínú ojú ògiri náà méjèèjì ló ń jóni, onídán ló sì ń yàn án. Ọ̀tá tó bá parí ìgbésẹ̀ rẹ̀ láàárín 10 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú yẹn, tàbí tó bá wọ inú iná gan-an, yóò jẹ ìyà dáìsì olójú mẹ́jọ márùn-ún, ìyẹn ni pé a óò ro iye tí dáìsì márààrún bá jáde pọ̀, a óò sì yọ ọ́ kúrò nínú iye ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ojú kejì lè dúró tì í pẹ́kípẹ́kí, kí iná má sì rà á lára.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ́kọ́ sọ pé bọ́ọ̀lù iná sàn ju èyí lọ, wọ́n sì ní ìṣirò lọ́wọ́. Dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ ni ti bọ́ọ̀lù iná, èyí tó sábà ń já sí nǹkan bí 28. Ti ògiri ń já sí nǹkan bí 22, bọ́ọ̀lù iná sì jẹ́ ọfọ̀ ipele kẹta tí kò wọ́n tó ògiri. Mi ò bá wọn jiyàn lórí iye náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni bọ́ọ̀lù iná ń jó, ó sì ti tán. Ògiri ń jó ní gbogbo ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ ojú rẹ̀ tó gbóná, ojú kò sì ríran gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà tafàtafà tó ti ń fojú sun àlùfáà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà kò ní rí ẹni tí yóò ta mọ́. Ọ̀tá mẹ́jọ tí wọ́n ń sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pín sí méjì: mẹ́ta wà pẹ̀lú wa lójú ibí, márùn-ún wà lójú ọ̀hún tí wọ́n ń ronú. Ọ̀tá tó ń ronú kò tíì máa lu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ojú ògiri yìí ni mo rí i pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipele keje kì í fi ara balẹ̀ sí. Ibi tí wọn yóò gbé ògiri sí ni wọ́n ń rò, wọn kò rò ó pé ibo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yóò dúró sí nígbà tó bá di ìyípo kẹta. Jagunjagun tó bá ń jà lẹ́bàá ojú tó gbóná yóò jóná bí ọ̀tá ṣe ń jóná, òfin kò ní bá a mọ ojú. Ní tèmi, kí n tó pe ọfọ̀ náà, mo máa ń sọ ọ́ sókè fún gbogbo tábìlì pé ojú tó gbóná kọjú sí ibi báyìí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má kọjá igi báyìí. Bí bàbá mi ṣe ń wo atẹ́gùn náà nìyẹn.

Ara onídán ni ògiri iná ti ń wó. Bí wọ́n bá gbá ọ lẹ́ẹ̀kan, o ní láti ju dáìsì olójú ogún, kí o fi agbára ara rẹ kún un, kí ó sì tó 10 tàbí ìdajì ìyà tí o jẹ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí kò bá tó o, iná kú pátápátá, ojú gbogbo yín sì tún ṣe mẹ́rin pẹ̀lú àwọn tí ẹ ń sá fún. Ẹni tó gbé ògiri iná kalẹ̀, tí ó wá yọ jáde láti máa ta ọ̀tá ní ìtagbangba, ó ti fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yìn ògiri fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà, níbi tí ojú ọ̀tá kò ti ní tó o. Kò sì gbọ́dọ̀ pe ọfọ̀ mìíràn tó ń béèrè irú ìfọkànsí bẹ́ẹ̀, nítorí tuntun yóò pa ti àtẹ̀yìnwá. Mo rò pé òfin kejì yìí jẹ́ ìdènà nìkan tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Iná kékeré náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Create Bonfire jẹ́ ọfọ̀ tí a lè pè láìníye, ilẹ̀ tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 péré ló sì ń jó. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà púpọ̀ nínú ìtàn wa kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó bá wà ní ẹnu ọ̀nà ti gba owó ibodè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Flaming Sphere, èyí tó jẹ́ iná roboto tí a lè yí kiri, dára fún ọ̀nà tóóró bákan náà, mi ò ní fi í gùn yín lọ́rọ̀.

Asà Iná, tí ìwé pè ní Fire Shield, tọ́ sí ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì í yàn. Òun náà jẹ́ ọfọ̀ ipele kẹrin, ó ń lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì béèrè ìfọkànsí rárá, nítorí náà ènìyàn lè wọ̀ ọ́ sára kí ó sì tún gbé ògiri kalẹ̀. Oríṣi méjì ni. Èyí tó móoru ń dín ìyà òtútù kù fún ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn láti gbá a yóò jẹ ìyà iná dáìsì olójú mẹ́jọ méjì. Èyí tó tutù ń dín ìyà iná kù, òtútù ni ó sì fi ń dá ẹni tó gbá a lóhùn. Ẹni tó ń lọ bá ẹ̀dá tó ń tu iná kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó móoru nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ iná. Èmi kì í sábà wọ̀ ọ́, nítorí ipele kẹjọ fún mi ní àyè méjì péré fún ọfọ̀ ipele kẹrin lójúmọ́, mo sì fẹ́ kí méjèèjì wà fún ààbò àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

Ọfọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń kà mọ́ iná ààbò, èyí tí èmi kò kà mọ́ ọn. Hellish Rebuke ni: bí ẹnì kan bá pa ọ́ lára, o lè fi iná dáìsì olójú mẹ́wàá méjì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Iná ẹ̀san ni. Ìyà ti jẹ ọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá ní Absorb Elements, tó lè gé ìyà iná tàbí òtútù tó ń bọ̀ sí ìdajì, tí ó sì lo àǹfààní ìdáhùn rẹ̀ kan ṣoṣo fún Hellish Rebuke, ẹ̀san ló yàn, kò yan ààbò.

Ẹ̀gbọ́n tó ń darí eré wa kì í fi ilé òkúta ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ ìlú inú ìtàn. Agbolé ni wọ́n ń kọ́, ilé amọ̀ olórùlé koríko tó fara kan ara wọn, bí ìlú àwọn baba wa ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí iná fi jẹ́ ohun ẹ̀rù lórí tábìlì wa. Nígbà tí mo jó àká náà, wọ́n rán mi létí ìtàn Ṣàngó, Aláàfin tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921 pé ọba náà gun orí òkè lọ láti dán oògùn àrá wò, àrá náà sì sán lu ààfin rẹ̀, ó jó ilé, púpọ̀ nínú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn olùsìn rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn tiwọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí n gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ní iná tó ga jù ní ìlú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọgbọ́n yìí parí sí. Ògiri iná kì í ṣe ògiri òkúta. Ẹni tó bá gbà láti jẹ ìyà lè gba inú rẹ̀ kọjá. Drágónì pupa kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹ̀mí èṣù tí ìwé náà pè ní devil kò sì bẹ̀rù rẹ̀, nítorí iná kì í ran wọ́n.

Àwọn troll yàtọ̀. Òmìrán ni wọ́n, ẹ̀mí wọn nínú ìwé tó 84, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá sì kàn wọ́n, 10 nínú rẹ̀ yóò tún hù padà. Iná tàbí ásíìdì nìkan ló ń dá ìhù náà dúró, fún ìgbà kan tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù tó kọjá, mẹ́ta nínú wọn lé wa dé etí odò kan ní òru. Àwọn ọmọdé mẹ́fà àti ìyá arúgbó kan láti abúlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà pẹ̀lú wa. Olè wa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òdìkejì láti wá ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀gbọ́n sì ní yóò tó ìyípo mẹ́jọ kí ó tó padà. Àwọn troll ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta.

Mo ká ògiri náà bí òrùka yí àwa mẹ́wàá ká, mo sì kọ ojú tó gbóná síta. Àyè náà há, ṣùgbọ́n ó gbà wá. Troll àkọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ó dúró, iná rà á, ẹran ara rẹ̀ kò sì hù padà. Ó fà sẹ́yìn. Èkejì já wọ inú iná, ó sì yọ sí àárín wa pẹ̀lú ara jíjó. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kan, mo jẹ ìyà 11. Mo ju dáìsì, 7 ló jáde. Mo fi 3 tí mo ní kún un, ó di 10 géérégé. Ògiri náà kò wó. Jagunjagun wa fi èjìká ti troll náà padà sínú iná, ó jóná lẹ́ẹ̀kejì, kò sì padà wọlé mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ìṣòro kan ṣẹ́ kù: òrùka iná náà ló wà láàárín àwọn ọmọ àti odò. Ibẹ̀ ni òfin ìfọkànsí ti wúlò fún mi. Mo pe Ògiri Iná lẹ́ẹ̀kejì, gbọọrọ, 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú etí odò, ojú tó gbóná kọjú sí igbó. Bí tuntun ṣe dìde ni òrùka àkọ́kọ́ kú, ọ̀nà odò ṣí sílẹ̀, ògiri sì wà lẹ́yìn wa. Ìyípo méjì ni a fi kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀. Mi ò jọ̀wọ́ iná náà títí a fi dé àárín odò. Troll kankan kò kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ka àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé mẹ́fà.

Ìyá arúgbó náà ló kẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ láti fi ohùn rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo jó àká wa?”

“Èmi ni, ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Ìyá náà ò dá mi lóhùn. Ó ní kí n sún kúrò ní etí ọkọ̀, kí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà lè fara tì mí sùn.